Akọ̀wé Ìran àti Àbàwọ́n Ojú Ọ̀run

Ní àdúgbò kan lẹ́yìn ọjà Ṣàngótẹ̀dó, gbogbo ayé ló gbà pé Dókítà Abọ́sẹ̀dé Akínọ̀ṣọ́ kì í sùn lóru. Wọ́n ní iṣẹ́ ìràwọ̀ ló ń ṣe, ìràwọ̀ kì í sì í jáde lọ́sàn-án. Sìkíọ́rítì ẹnu géètì tiẹ̀ búra pé òun rí i lórí òrùlé láago méjì òru, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Irọ́ kọ́, àmọ́ táǹkì omi ló gùn lọ wò lọ́jọ́ náà, nítorí pé omi ti ń dà láti ìrọ̀lẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé bí aago mẹ́sàn-án bá ti lù, Abọ́sẹ̀dé ti sùn, á sì máa hanrun débi pé jẹnẹrétọ̀ ilé kejì a máa rò pé wọ́n ti fẹ́ orogún lé òun.

Ta ló tiẹ̀ fẹ́ rí ìràwọ̀ ní Lẹ́kkí? Bí kì í bá ṣe ìkuukùu òkun, iná pátákó ìpolówó ni, ìyẹn àwọn pátákó tó mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àkùkọ ibẹ̀ fi ń kọ láago mẹ́wàá alẹ́, tí á wá fi gbogbo ọjọ́ kejì sùn. Ní ọdún mẹ́fà tí Abọ́sẹ̀dé ti ń gbé Ṣàngótẹ̀dó, ìràwọ̀ méje péré ló fi ojú ara rẹ̀ rí níbẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ ọkọ̀ òfúrufú.

Iṣẹ́ ọ̀sán ni iṣẹ́ rẹ̀. Awò awọ̀nàjíjìn ńlá kan wà lórí òkè kan ní aṣálẹ̀ ní ìsàlẹ̀ Áfíríkà, awò tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ju pálọ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Awò yẹn ló ń bá a ṣàìsùn. Á ya fọ́tò ojú ọ̀run, àwọn fọ́tò náà á sì gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wá sí ọ́fíìsì Abọ́sẹ̀dé ní Lẹ́kkí Phase 1, ní òkè ilé kan tí wọ́n ti ń yan ẹja nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò sí ibi tó jìnnà tó lọ́run tí òórùn ẹja yẹn ò bá a dé.

Agbo ìràwọ̀ ló ń wò, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní gálásì: ẹgbàágbèje ìràwọ̀ tó kóra jọ sójú kan, tí wọ́n ń yí po bí eruku nínú ìjì. Oòrùn tiwa yìí náà, pẹ̀lú gbogbo gbígbóná tó ń gbóná mọ́ wa lórí, ọmọ ẹ̀yìn lásán ni nínú irú agbo bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ mìíràn fẹ́ràn àwọn agbo tó mọ́lẹ̀, tó ní apá tó ká bí ìkarahun ìgbín. Abọ́sẹ̀dé ò rí tiwọn rò. Àwọn tó ṣókùnkùn ló ń wá, àwọn tí ìràwọ̀ wọn fọ́nká tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nínú fọ́tò, ńṣe ni wọ́n dà bí àbàwọ́n epo lára aṣọ funfun tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, ó rí ọ̀kan tí ẹnì kankan ò rí rí. Òun àti Láńre, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó kéré sí i ní ọ́fíìsì, sọ ọ́ ní Àbàwọ́n. Nítorí Àbàwọ́n yìí, ìgbìmọ̀ tó ń pín awò ńlá náà fún un ní wákàtí ọgbọ̀n, kó lè fi díwọ̀n bí ibẹ̀ ṣe jìnnà tó. Ẹ má fojú kékeré wo wákàtí ọgbọ̀n. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n elérù irùngbọ̀n ń sunkún nítorí mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Abọ́sẹ̀dé ti kọ̀wé béèrè, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti fi ẹ̀rín músẹ́ dá a lóhùn pé rárá. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ó mọ̀ pé bí èyí bá bọ́, kò dájú pé òun á rí ìkeje.

Àmọ́ ká tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Àbàwọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Bàdóre, létí ọ̀sà, níbi tí Abọ́sẹ̀dé ti kọ́ṣẹ́.

Ìyá rẹ̀, aránṣọ tí kì í rán ohun mìíràn ju sùtánà lọ, ni Ìyá Àdúrà ní ìjọ aláṣọ funfun kan níbẹ̀. Nínú ìjọ náà, bí ẹ̀mí bá gbé aríran, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé àti gègé, kó máa kọ gbogbo ohun tó bá wí, nítorí pé bí ojú aríran bá wálẹ̀, kì í rántí nǹkan kan mọ́. Akọ̀wé ìran ni wọ́n ń pe onítọ̀hún. Aríran tó sì ń jayé orí rẹ̀ nígbà náà ni Wòlíì Dúródọlá, ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń rọ̀ bí òjò orí páànù. Akọ̀wé mẹ́ta ló ti sá fún un. Ọwọ́ ẹnì kan nínú wọn ń gbọ̀n títí dòní, kò sì lè bu omi mu kó má dà á sáyà.

Ni wọ́n bá fi iṣẹ́ náà fún Abọ́sẹ̀dé, ọmọ ọdún mọ́kànlá, nítorí pé ó ń kọ̀wé kíákíá, ìwé rẹ̀ sì ń hàn. Ìyá rẹ̀ ló fún un ní òfin.

"Ohun tí etí bá gbọ́ ni kí ọwọ́ kọ. Bí kò bá yé ẹ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá dùn mọ́ ẹ, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Má bu iyọ̀ tìẹ sí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀."

Abọ́sẹ̀dé ò bu iyọ̀ kankan sí i. Ohun tó ṣe burú ju iyọ̀ lọ. Ó fi rúlà fa ìlà sí etí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta á sì padà síbẹ̀, á fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ síwájú ìran kọ̀ọ̀kan: Ó ṣẹ. Kò ṣẹ. Kò tíì. Ẹnì kan ò rán an. Ìran pé arákùnrin kan máa gba orí omi lọ sí òkè òkun: ó ṣẹ díẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìkòròdú. Ìran pé òjò ò ní í rọ̀ lọ́jọ́ ìkórè: kò ṣẹ, àga ìjọ méjìlá léfòó dé Ajah, mẹ́sàn-án péré la rí gbà padà.

Ọdún méjì kọjá kí àwọn àgbà ìjọ tó ṣí etí ìwé náà wò. Ìpàdé tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ìlẹ̀kùn ò tó ó sé. Ohùn ń gba ojú fèrèsé jáde. Wọ́n ní ọmọdé ń gbé Ẹ̀mí yẹ̀ wò bí ẹni ń yẹ iṣu wò lọ́jà. Wòlíì Dúródọlá nìkan ni kò sọ̀rọ̀. Ó ká ìwé náà lọ́wọ́, ó gbé e sábẹ́ apá, ó lọ sílé. Gbogbo ìjọ gbà pé ó sun ún.

Wọ́n gba gègé lọ́wọ́ Abọ́sẹ̀dé lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e. Ìyá Àdúrà dìde.

"Ẹ gba gègé," ó ní. "Mo gbà. Ojú tó fi ń wò ńkọ́? Ta ni ẹ máa fún ìyẹn mú?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí pé Ìyá Àdúrà ló ń rán aṣọ gbogbo wọn, ó sì mọ ìwọ̀n ikùn kálukú.

Ojú yẹn ló gbé Abọ́sẹ̀dé dé yunifásítì, tó fi kàwé nípa ìmọ́lẹ̀, tó tún gbé e dé ìlú òtútù kan tí ọ̀rọ̀ ti ń dì lẹ́nu ẹni kó tó jáde. Ó lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi í níbẹ̀ pé níbo ló ti kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú àkọsílẹ̀ tó dáa tó báyìí, ó ní, "Ní ṣọ́ọ̀ṣì." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó padà wálé, nítorí pé íńtánẹ́ẹ̀tì ti dé Lẹ́kkí, ọ̀run kan náà ló sì wà lórí gbogbo wa.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká padà sí Àbàwọ́n.

Ìwé tí Abọ́sẹ̀dé àti Láńre kọ lórí rẹ̀ ti yege lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì máa gbé e jáde fún gbogbo ayé ní ọjọ́ Ajé kan. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí Abọ́sẹ̀dé ṣe ni pé ó sọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá Àdúrà sọ fún ìjọ. Ìjọ sì sọ fún gbogbo ẹni tó ní fóònù láti Bàdóre dé Ẹ̀pẹ́. Wọ́n dá ọjọ́ ìdúpẹ́ sí ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kan ṣoṣo ṣáájú kí ìwé náà tó jáde. Àgbà Ọláṣẹ̀hìndé, olówó ìjọ tó ń gbé ní VGC, ṣe báńà kan tó gùn ju ọkọ̀ akẹ́rù lọ. Wọ́n ya ojú Abọ́sẹ̀dé sí i, wọ́n ya ayé kan tó ní òrùka sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èyí tí kò kan ọ̀rọ̀ náà rárá, wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà: Ó RÍ OHUN TÍ ỌLỌ́RUN FI PAMỌ́!

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, ní nǹkan bí aago méjìlá ọ̀sán, Ìyá Àdúrà wọlé wẹ́rẹ́ sílé ọmọ rẹ̀ ní Ṣàngótẹ̀dó. Abọ́sẹ̀dé ń ṣiṣẹ́ nílé lọ́jọ́ náà, kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lórí tábìlì ìjẹun.

"Abọ́sẹ̀dé, jókòó."

"Mo ti jókòó, Màámi."

"Jókòó dáadáa."

Obìnrin náà yọ fóònù jáde bí ẹni ń yọ ẹyin jáde nínú ìtẹ́. Fọ́tò àdúrà ìrọ̀lẹ́ àná ni. Àbẹ́là méje ń jó lórí pẹpẹ, ní apá ọ̀tún nísàlẹ̀. Ní apá òsì lókè, nínú òkùnkùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà, iná kéékèèké méje wà níbẹ̀, wọ́n ní àwọ̀ ewé díẹ̀, wọ́n sì dorí kodò.

"O rí wọn?" Ìyá Àdúrà ní. "Áńgẹ́lì méje."

"Kí ló dé tí wọ́n dorí kodò?"

"Ìwọ náà, bó o bá ń ti òkè ọ̀run fò bọ̀ ní Bàdóre, ṣé ẹsẹ̀ lo máa fi ṣáájú ni? Wòlíì Dúródọlá ti rí i. Àgbà Ọláṣẹ̀hìndé ti ní ká tún báńà ṣe, kí àwọn méje náà wọ inú ẹ̀. Wọ́n ní ìwọ ni wọ́n wá kí."

Abọ́sẹ̀dé ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó mú ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí etí rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín dípò ẹnu. Ó dìde, ó fa kọ́tìnì bo fèrèsé, ó mú àbẹ́là kan nínú dúrọ́ọ̀, ó ṣá ìṣáná sí i.

"Màámi, ẹ dojú fóònù yín kọ ọ́. Ẹ má yà á, ẹ kàn máa wò ó. Ṣé áńgẹ́lì ti dé?"

Ìyá Àdúrà wò ó. "Ó ti dé! Ẹyọ kan!"

"Àbẹ́là kan, áńgẹ́lì kan. Ẹ yí fóònù yín sọ́tùn-ún díẹ̀."

"Ó... ó ń rìn."

"Àbẹ́là ń lọ síbo?"

"Ó ń lọ sí òsì."

"Áńgẹ́lì ńkọ́?"

"Ó ń lọ sí ọ̀tún." Ohùn obìnrin náà ti ń lọ sílẹ̀. "Abọ́sẹ̀dé, kí ló ń ṣe é?"

"Kò sóhun tó ń ṣe é, Màámi. Iná àbẹ́là ló wọ ojú fóònù, tó gbá gíláàsì inú ẹ̀, tó ta padà, tó wá bọ́ sí òdì kejì. Gbogbo gíláàsì ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí iná bá mọ́lẹ̀ jù. Ẹ fa ìlà láti orí àbẹ́là gba àárín fọ́tò kọjá. Bó ṣe jìnnà sí àárín ní apá ibí, bẹ́ẹ̀ ni òjìji ẹ̀ máa jìnnà sí àárín ní apá ọ̀hún. Bẹ́ ẹ bá ti rí iná ńlá ní ìsàlẹ̀ ọ̀tún, kẹ́ ẹ wá rí àbàwọ́n kan ní òkè òs..."

Ó yí ojú sí kọ̀ǹpútà.

Ìyá Àdúrà dúró dè é kó parí ọ̀rọ̀. Kò parí ẹ̀. Àbẹ́là ń ro sórí tábìlì, kò sí ẹni tó nù ún.

Abọ́sẹ̀dé fa kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀, ó ṣí fọ́tò Àbàwọ́n. Kì í ṣe èyí tó wà nínú ìwé wọn, nítorí pé wọ́n ti gé ìyẹn ní etí. Odindi rẹ̀ ló ṣí. Àbàwọ́n wà lókè lápá òsì, ó rọra hàn bí èémí lára dígí. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, níbi tí wọ́n ti gé fọ́tò náà, ìràwọ̀ kan wà tó mọ́lẹ̀ bí iná mọ́tò ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìdí tí wọ́n fi gé e nìyẹn: ó ń ta wọ́n lójú.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá rúlà."

"Rúlà wo? Èmi ni mo máa wá rúlà nínú ilé ẹ?" Ìyá Àdúrà ti tọwọ́ bọ báàgì, ó sì fa téèpù ìránṣọ rẹ̀ yọ. "Kí la fẹ́ wọ̀n?"

"Láti ara ìràwọ̀ yìí dé àárín."

Arúgbó náà tẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó na téèpù bí ẹni ń wọ̀n èjìká bíṣọ́ọ̀bù. "Ínṣì mẹ́rin àti ààbọ̀."

"Láti àárín dé ara Àbàwọ́n."

"Ínṣì mẹ́rin..." Ó tún un wò. "Àti ààbọ̀. Ó bára mu bí apá sùtánà."

Nígbà tó gbójú sókè, ó rí ojú ọmọ rẹ̀, ó sì ká téèpù náà díẹ̀díẹ̀. Ó ti wọ̀n aṣọ òkú rí. Ó mọ bí ilé ṣe ń rí lẹ́yìn ẹ̀.

Ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, Abọ́sẹ̀dé ní kí Láńre wá fọ́tò méjì kan tí wọ́n ti jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jáde. Ojú kan náà ni wọ́n ti ya gbogbo fọ́tò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́. Àwọn méjì yìí nìkan ni awò náà ti yí díẹ̀, wọ́n sì ti yọ wọ́n kúrò nítorí pé ìkuukùu wà nínú wọn. Bí Àbàwọ́n bá jẹ́ agbo ìràwọ̀ gidi, bí gbogbo ìràwọ̀ bá sún sósì, òun náà á bá wọn sún sósì. Láńre wò ó. Gbogbo ìràwọ̀ sún sósì. Àbàwọ́n nìkan ló sún sọ́tùn-ún, bí áńgẹ́lì Bàdóre.

Láńre jókòó. Òórùn ẹja ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Dókítà, ẹ jẹ́ ká ronú."

"Mò ń ronú."

"Ẹ jẹ́ ká ronú bí ọmọ Èkó. A kọ ọ́ sínú ìwé pé a yọ fọ́tò méjì nítorí ìkuukùu. Ṣé irọ́ ni? Ìkuukùu wà níbẹ̀! Kò sẹ́ni tó máa béèrè wọn. Ká jẹ́ kí ìwé jáde lọ́jọ́ Ajé, ká gba wákàtí ọgbọ̀n wa, ká débẹ̀, ká wá sọ pé 'Háà, ẹ wò ó, kò sí níbẹ̀ mọ́.' Nínú wákàtí ọgbọ̀n, Dókítà, ibi tójú wa máa dé! Ṣé a ò ní rí nǹkan mìíràn ni? Bó bá tiẹ̀ jẹ́ ọ̀kan péré?"

"O ò purọ́, Láńre."

"Ẹ rí i!"

"O kàn fẹ́ ká kọ 'kò tíì' síbi tá a ti mọ̀ pé 'kò ṣẹ' ni."

Láńre ò mọ ohun tó ń sọ. Kò sì bi í, nítorí pé ó rí i pé ọ̀gá òun ti gbójú sí ojú fèrèsé, ó ń wo títì tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Ajah bí ẹni ń kà wọ́n. Ó tó wákàtí kan tó fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò dùn ún. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó rò ó pé ta lòun ṣẹ̀. Ó tiẹ̀ rò ó pé bóyá téèpù ìyá òun ti gùn jù, téèpù tó ti ń wọ̀n sùtánà láti ogójì ọdún, ó ṣeé ṣe kó ti fà.

Lẹ́yìn náà ló kọ lẹ́tà sí àwọn tó fẹ́ gbé ìwé wọn jáde, ó sì fi irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń pín wákàtí awò ńlá. Ó fi fọ́tò méjì náà sínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà ò gùn: A rí i. A tún un wò. Kò sí níbẹ̀.

Nígbà tó dé ilé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìyá rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tó ń lọ sùtánà ìdúpẹ́ rẹ̀.

"Mo ti kọ̀wé sí wọn, Màámi."

"Mo mọ̀ pé o máa kọ ọ́." Áyọ́ọ̀nù ń lọ, ó ń bọ̀. "Mo kàn fẹ́ bi ẹ́ ni. Ṣé o ò lè dúró di ọjọ́ Ajé kó o tó sọ fún ìjọ? Kí n jó ijó ọ̀la tán. Ẹsẹ̀ mi ti ń rò ó láti oṣù tó kọjá."

"Màámi, ta ló ní kí n má bu iyọ̀ tèmi sí ọbẹ̀ ọlọ́bẹ̀?"

Ìyá Àdúrà gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹnu mi ló kó bá mi."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì kún débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ti ń ti ẹsẹ̀ bọ ọ̀sà. Báńà gba ògiri kan látòkè délẹ̀. Abọ́sẹ̀dé bọ́ bàtà bíi ti gbogbo wọn, ó rìn dé iwájú nínú aṣọ funfun, ó gba máíkì. Wọ́n kígbe halelúyà lẹ́ẹ̀méje kó tó sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Ẹ̀rí mi kúrú," ó ní. "Ohun tí mo sọ pé mo rí, n ò rí i."

Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹja inú ọ̀sà fi yọrí wò ó pé kí ló dé.

Àgbà Ọláṣẹ̀hìndé dìde. "Dókítà, ẹ tún un sọ. Bóyá máíkì ni."

"Máíkì kọ́, sà. Agbo ìràwọ̀ yẹn ò sí níbẹ̀. Òjìji ìràwọ̀ mìíràn ni, láti inú gíláàsì awò."

"Ṣé ọ̀tá ló gbé e lọ?"

"Rárá, sà. Kò sí níbẹ̀ rí."

"A lè gbàdúrà kó padà," obìnrin kan sọ láti ẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ṣe àmín.

"Ẹ má gbàdúrà kó padà, ẹ jọ̀ọ́," Abọ́sẹ̀dé ní.

Ariwo wá sọ. Wọ́n ní irú ẹ̀rí wo lèyí, wọ́n ní láti ìgbà tí ìjọ ti wà, ẹnì kan ò tíì wá jẹ́rìí pé iṣẹ́ ìyanu ò ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní áńgẹ́lì méje ńkọ́, ṣé wọ́n kàn wá lásán ni? Nígbà náà ni Ìyá Àdúrà dìde nínú sùtánà tó ti lọ̀ fún ijó.

"Àbẹ́là ni wọ́n," ó ní. "Àwọn áńgẹ́lì inú fóònù mi. Èmi tí mo ya fọ́tò ni mò ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti fi ojú mi rí i, mo sì fi téèpù mi wọ̀n ọ́n. Bí ẹnì kan bá ní mo parọ́, kó kọ́kọ́ bọ́ aṣọ tí mo rán fún un kó tó sọ ọ́."

Kò sẹ́ni tó bọ́ aṣọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Wòlíì Dúródọlá, tó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún báyìí, na ọwọ́ pé kí wọ́n gbé òun dìde. Ó tọwọ́ bọ inú àpò Bíbélì rẹ̀, ó sì fa ìwé kan yọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti re. Abọ́sẹ̀dé mọ̀ ọ́n kó tó ṣí i. Ó mọ ìlà tí òun fi rúlà fà.

"Wọ́n ní mo sun ún," Wòlíì sọ. "Bóyá mo fẹ́ sun ún. Mo kà á tán lọ́jọ́ mẹ́ta, mo wá rí i pé kò sí irọ́ kan níbẹ̀. Wá wò ó."

Ó ṣí i. Ìwé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, tó tò wẹ́wẹ́, dúró ní ìdajì ojú ewé kan. Lẹ́yìn ibẹ̀, ọwọ́ mìíràn ló ń kọ̀wé lọ, ọwọ́ àgbà tó wọ́ bí ipa ìgbín, ojú ewé lé ojú ewé, fún ọgbọ̀n ọdún. Ìran, déètì, àti ní etí: Ó ṣẹ. Kò ṣẹ. Kò ṣẹ. Kò tíì. Kò ṣẹ.

"Kò ṣẹ ló pọ̀ jù," Wòlíì rọra sọ, kì í ṣe sínú máíkì. "N ò rẹ́ni sọ fún. Ta ni mo máa sọ fún? Ìwọ nìkan lo lè gbọ́ ọ, wọ́n sì ti gba gègé lọ́wọ́ ẹ."

Ó ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn. Ìran oṣù kejì ọdún yìí ló wà níbẹ̀: Abọ́sẹ̀dé Akínọ̀ṣọ́ máa rí ohun tí ẹnì kan ò rí rí. Etí rẹ̀ ṣófo. Wòlíì na gègé sí i.

"Kí n kọ 'kò ṣẹ', Bàbá?"

"Ṣé èmi ni akọ̀wé? Kọ ohun tó o mọ̀."

Abọ́sẹ̀dé tẹ̀, ó fi ìwé náà lé orúnkún, ó rò ó dáadáa. Agbo ìràwọ̀ náà ò sí. Ìyẹn dá a lójú. Àmọ́ ìran náà ò dárúkọ agbo ìràwọ̀, kò sì dá ọjọ́. Ó wá kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́: Kò tíì.

Wòlíì Dúródọlá kà á, ó sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ní láti fún un lómi. Wọ́n yọ báńà lẹ́yìn ìsìn. Ìyá Àdúrà sì jó ijó rẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ò mọ̀ pé wọ́n ti yí ètò padà.

Wákàtí ọgbọ̀n náà bọ́ lóòótọ́. Wọ́n pín in fún àwọn ẹlòmíràn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Abọ́sẹ̀dé sì ti kọ̀wé béèrè lẹ́ẹ̀keje, kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ohun tó gbà dípò rẹ̀ ni lẹ́tà. Lẹ́tà tí wọ́n fi gbé àṣìṣe rẹ̀ jáde ti tàn kálẹ̀, ó sì ti wá di pé bí onímọ̀ kan bá rí àbàwọ́n tó ń dùn mọ́ ọn nínú, níbikíbi lágbàáyé, á kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí Lẹ́kkí, kí obìnrin yẹn bá òun wò ó bóyá òjìji ni. Láńre ló ń gbà wọ́n wọlé. Ó ní ọ́fíìsì wọn ti di ibi tí gbogbo ayé ń kó áńgẹ́lì wá. Láti ìgbà náà, mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti yẹ̀ wò. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ òjìji. Mẹ́ta wà níbẹ̀ lóòótọ́. Téèpù kan wà lórí tábìlì Abọ́sẹ̀dé báyìí, ó ti gbó, ìyá rẹ̀ ló fún un.

Fọ́tò àbẹ́là méje yẹn ṣì wà lójú fóònù Ìyá Àdúrà. Bó bá tan fóònù báyìí, òun ló máa kọ́kọ́ yọ. Abọ́sẹ̀dé rí i lọ́jọ́ kan, ó sì wo ìyá rẹ̀ lójú.

"Mo mọ̀ pé àbẹ́là ni," ìyá rẹ̀ ní. "Ṣé mo sọ pé kì í ṣe àbẹ́là ni? Ó kàn rẹwà lójú mi ni. Gbé ojú ẹ kúrò níbẹ̀."